Àpò Ẹ̀wù Tí Bàbá Àgbà Mi Rán

Bàbá Àgbà mi nìkan ni ènìyàn tó tíì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹnu ẹkùn pọ̀ láyé yìí. Ẹkùn náà ń sùn lẹ́bàá odò. Wọ́n kúnlẹ̀ tì í, wọ́n rán ètè òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, wọ́n fi eyín já òwú, wọ́n sì jókòó jẹ ẹ̀kọ wọn tán kí ẹran náà tó jí. Nígbà tó jí, kò lè bú. Ó bá ń tẹ̀lé wọn bọ̀ wálé bí ajá, ó ń fi ojú bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi ẹkùn.

Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó sá lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Nítorí náà, bí gbólóhùn mi bá fẹ́ máa yọ̀ sẹ́yìn, ẹ bá mi fi òkúta há táyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ Bàbá Àgbà. Gbogbo àwọn tó mọ̀ wọ́n dáadáa ti lọ, ó ku èmi. Yésúfù lorúkọ wọn, gbogbo Èjìgbò ló sì ń pè wọ́n ní Bàbá Tẹ́lọ̀.

Wọn kì í gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Igun ẹnu kan ni wọ́n fi ń dì í mú, igun kejì ni wọ́n sì fi ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n tún fi ń bú ènìyàn. Wọn kì í sì í fẹ́ lo téèpù. Wọ́n á kàn wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọjú sí máṣíìnì. Ọkùnrin kan, alápatà tó sanra dáadáa, dúró lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bàbá Tẹ́lọ̀, ẹ ò mà tíì wọ̀n mí o!”

Bàbá Àgbà kò gbójú sókè. Wọ́n ní, “Mo ti wọ̀n ọ́ tán nígbà tí o ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ikùn rẹ ló kọ́kọ́ dé, òun náà ló júwe ìyókù fún mi.”

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹkùn tàn yín jẹ. Ojo ni Bàbá Àgbà mi. Wọ́n ń bẹ̀rù ààrá, wọ́n ń bẹ̀rù ajá, wọ́n ń bẹ̀rù ọlọ́pàá tí kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá wọ bọ̀lẹ́kájà, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì gbá pákó ìjókòó mú, wọ́n á máa ka Fátíhà láti Èjìgbò títí dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Wọn kì í sábà yọ ọ́, nítorí náà mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

“Ẹni tí kò bẹ̀rù, kò tíì ní ohun tó lè sọ nù ni.”

Wọ́n ti gbé Àbíjàn rí, bí ọ̀pọ̀ ará ìlú wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ránṣọ títí irun wọn fi funfun, ibẹ̀ náà ni ìyàwó wọn, Ìyá Àgbà mi Sàláwátù, ti bí bàbá tèmi àti Músílíù, àbíkẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n bí èmi pẹ̀lú sí. Nígbà tí àwọn àgbà méjèèjì ń padà bọ̀ wá sílé, wọ́n mú mi dání, wọ́n fi àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí olóólà ní Àbíjàn tí wọ́n lè gbójú lé, nítorí náà ojú èmi àti ojú Músílíù dán gbinrin, kò sí ilà kankan níbẹ̀. Àbàjà ti Bàbá Àgbà tóbi tó ti ènìyàn mẹ́ta. Wọ́n máa ń ní tó bá tó àkókò, àwọn á gé e lára tiwọn fún wa.

Músílíù padà wálé láti wá fẹ́ ìyàwó ní ọdún tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní òdìkejì odò Ọya. Ọmọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ni. Bó bá ń sọ Yorùbá, Faransé á máa yọ sí i bí òkúta nínú ìrẹsì. Ó ń pe Bàbá Àgbà ní “Papá”, wọ́n á ṣe bí ẹni pé inú ń bí wọn, ṣùgbọ́n bí kò bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀ wọ́n á bi mí pé, “Kí ló ṣe ẹni yẹn lónìí?”

Ọdún búburú ni ọdún náà. Rédíò ń sọ pé ká ṣọ́ra fún àjèjì. Àwọn ọ̀dọ́ kan gbé igi dí ọ̀nà ní oríta kan ní agbègbè wa. Mo mọ orúkọ oríta náà, n kò sì ní dá a, torí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí kò ṣẹ̀ mí. Wọ́n ní àwọn ń wá Ìgbò. Ojú ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá ní ilà, ó kọjá. Ẹni tí kò bá ní, kó sọ̀kalẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ti lu Sámúẹ́lì, ọmọ Ìgbò tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àgbà gan-an. Ó ti sá kúrò nílùú tòun ti ẹ̀jẹ̀ lórí. Gbogbo wa rí i. Kò sẹ́ni tó wí nǹkan kan.

Músílíù lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Masifa. Nígbà tó ń bọ̀, wọ́n dá bọ̀lẹ́kájà náà dúró ní oríta. Dírẹ́bà ọkọ̀ ló wá sọ fún wa. Ó ní wọ́n wo ojú Músílíù, wọ́n ní kó sọ̀kalẹ̀, wọ́n bi í pé ọmọ ibo ni. Ẹ̀rù ba ọmọ náà. Bí ẹ̀rù bá sì ti bà á, Faransé ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò dúró gbọ́ ìkejì. Kóńdọ́ ni wọ́n fi pa á. Ó kú kó tó lè pe orúkọ bàbá rẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Àwa mẹ́ta la wẹ̀ ẹ́: àáfà, Bàbá Àgbà àti èmi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ́. Bàbá Àgbà ń tú ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú òwú tó lọ́ pọ̀. Àpò ẹ̀wù kan ló bọ́ sílẹ̀, aṣọ búlúù, tó ti ya kúrò lára ẹ̀wù. Àáfà yíjú sí garawa omi, kò rí i. Bàbá Àgbà wò ó, wọ́n yí inú rẹ̀ síta, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n tì í bọ inú àpò tiwọn.

Lẹ́yìn tí a sin òkú tán, wọ́n pe Ìyá Àgbà àti èmi wọ yàrá, wọ́n tẹ́ àpò náà lórí máṣíìnì. Òwú pupa ni wọ́n fi rán inú rẹ̀.

Wọ́n ní, “Òwú búlúù tán lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ Iléyá. Mo ní inú àpò ni, ta ni yóò rí i? Ẹ̀wù kan ṣoṣo ni mo fi òwú pupa rán àpò rẹ̀.”

Ìyá Àgbà ní, “Ẹ̀wù ta ni, Bàbá Músílíù?”

“Ti Rájí.”

Rájí jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ wọn láti kékeré; ọ̀rẹ́ náà, tó jẹ́ dírẹ́bà lọ́rì, ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Rájí. Láti ọjọ́ tí Bàbá Àgbà ti Àbíjàn dé ni wọ́n ti ń rán aṣọ fún un. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Àgbà ń fi ìka tọ ipa òwú náà, wọ́n ń tọ̀ ọ́ lọ, wọ́n ń tọ̀ ọ́ bọ̀.

“Ọwọ́ mi ló rán an. Ọwọ́ ọmọ mi ló já a.”

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti wọ ilé wa, kò sì wá ibòmíràn sùn mọ́. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan ní gbogbo Èjìgbò. Dírẹ́bà bọ̀lẹ́kájà tó sọ̀rọ̀ fún wa ti ní òun kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Àpò yẹn nìkan ló lè sọ̀rọ̀, ó sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí Bàbá Àgbà. Lọ́sàn-án gangan, òkúta á bọ́ sórí páànù ilé wa, gbàù! Bí a bá sáré jáde, a kò ní rí ẹnì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, kò dúró, ó kàn ń pariwo bó ṣe ń lọ pé, “Ẹni tó bá lọ rojọ́ fún ọlọ́pàá, kó tètè ra aṣọ funfun kún aṣọ o!” Èmi tí mo máa ń pariwo nínú gáráàjì, mo di ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ ògiri rìn. Bí mo bá rí ènìyàn mẹ́ta tó dúró pọ̀, mo ti yà sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Èyí tó burú jù ni Ìyá Rájí. Àràárọ̀ ló ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá bá Ìyá Àgbà kẹ́dùn. A kò mọ̀ bóyá ó mọ̀. A kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ pé a mọ̀. Ojú rẹ̀ á máa rìn káàkiri yàrá, Ìyá Àgbà á máa wo ojú rẹ̀. Oúnjẹ náà á tutù. Bó bá ti lọ, àwa méjèèjì á gbé e fún ewúrẹ́.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín tọkọtaya. N kò gbọ́ kí àwọn méjèèjì gbóhùn sókè síra wọn rí.

Ìyá Àgbà ní, “Kí lẹ ń fi àpò yẹn ṣe? Ẹ fẹ́ fi rán ẹ̀wù mìíràn ni? Ẹ gbé e lọ fún ọlọ́pàá! Kí wọ́n so Rájí rọ̀, kí n lọ jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí n máa wò ó!”

“Sàláwátù, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Ẹ̀rù ta ni?”

“Ti àwọn ọmọ oríta yẹn. Nítorí ọmọ tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ wa yìí. Bí mo bá gbé e lọ, ọ̀la ni wọ́n á dá èyí náà dúró ní oríta.” Èmi ni wọ́n nawọ́ sí. “Bí n kò bá sì gbé e lọ, wọ́n á dá ọmọ ẹlòmíràn dúró. Èwo nínú méjèèjì ni kí n máa gbé sùn?”

Ọ̀rọ̀ oríta yẹn ló wọ Ìyá Àgbà lára. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ sí olóólà láìsọ fún ọkọ wọn. Àkókò náà ni ọjà olóólà ń tà jù láyé. Mo rí i fúnra mi, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti bímọ ń tò níwájú ilé rẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n bí ọmọ ọwọ́. Obìnrin kan di ọmọ rẹ̀ mú, ọmọ tó ti ń hu irùngbọ̀n, ó ń sọ pé, “Farabalẹ̀, ìwọ ọmọ yìí! Ó sàn kó ro ọ́ ju kí wọ́n pa ọ́ lọ!” Olóólà dé ilé wa, ó kó abẹ tó ń dán jáde, ó sì ní kí n dùbúlẹ̀. Mo dùbúlẹ̀. N kò tijú láti sọ ọ́: bó bá ní òun á gé imú mi kúrò, ǹ bá gbà.

Bàbá Àgbà wọlé.

“Kí lo wá ṣe nílé mi?”

Olóólà ní, “Wọ́n ní kí n wá kọlà sí ọmọ lójú ni, Bàbá. Kí wọ́n lè máa dá a mọ̀.”

“Kó ohun èlò rẹ.”

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Músílíù. Ọ̀kan ti lọ. Ká ní ojú Músílíù ní ilà ni, ẹ̀yin náà mọ̀.”

Mo ṣì dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mò ń wo àwọn àgbà láti ìsàlẹ̀. Bàbá Àgbà gbá etí mi mú, wọ́n fà mí dìde. Ohùn wọn kò ga rárá.

“Ojú ọmọ mi kọ́ ló ṣẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ ṣàdédé yí padà láti ọwọ́ ẹni tí a kò rò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Rájí gbé ẹ̀kọ dé bó ti máa ń ṣe, kò wá jókòó. Ó kàn wó lulẹ̀, ó di ìró Ìyá Àgbà mú. Ó ní, “Ìyá Músílíù, Rájí kò jẹun mọ́. Ó ń kígbe lójú oorun. Mo fọ ẹ̀wù rẹ̀, àpò rẹ̀ ti já, n kò bi í léèrè, ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà mí. Bó bá ṣeé ṣe kí n gbé e padà sínú kí n má bí i mọ́, màá ṣe é.” Ìyá Àgbà kò lé e. Wọn kò sì gbé e dìde. Àwọn obìnrin méjèèjì wà bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nílẹ̀, ọ̀kan lórí àpótí, títí oòrùn fi wọ yàrá.

Nígbà tí Bàbá Àgbà dé, ìyàwó wọn ní, “Ẹ sun àpò yẹn níná.”

“Ìwọ tí o ní kí wọ́n so ó rọ̀?”

“Mo ti mọ bó ṣe ń dun ni. N kò fẹ́ kí obìnrin mìíràn mọ̀ ọ́n.”

Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ká sọ òtítọ́, inú mi dùn, torí ẹni tó ń bẹ̀rù kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹjọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Bàbá Rájí wá fúnra rẹ̀, òun àti àáfà tó wẹ òkú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ojúgbà rẹ̀, pẹ̀lú ikùn lórí ilẹ̀. Ìyá Rájí ti sọ ohun gbogbo fún un. Àáfà ṣàdúà, ó ní Ọlọ́run fẹ́ràn ẹni tó bá dárí jini. Bàbá Àgbà ń mi orí. Mo rí i pé wọ́n ti fẹ́ gbà. Wọ́n ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Bàbá Rájí wá sọ èyí tí ì bá má sọ. Ó ní, “Yésúfù, àṣìṣe ni. Ọlọ́run ń gbọ́, àṣìṣe ni. Wọ́n rò pé Ìgbò ni. Ká ní wọ́n mọ̀ pé ọmọ wa ni, ta ni yóò fọwọ́ kàn án?”

Ọwọ́ Bàbá Àgbà dúró lábẹ́ ìrọ̀rí.

“Bó bá jẹ́ Ìgbò ńkọ́?”

“Hẹn?”

“Mo ní, bó bá jẹ́ Ìgbò ńkọ́?”

Bàbá Rájí wo àáfà. Àáfà wo tẹ̀sùbáà rẹ̀.

“Yésúfù, ohun tí mò ń sọ ni pé—”

“Mo gbọ́ ohun tí ò ń sọ. Ọmọ Ìgbò náà ní bàbá lọ́hùn-ún. Ó ní ẹni tó ń retí rẹ̀ bí mo ṣe ń retí tèmi. Ọjọ́ tí wọ́n lu Sámúẹ́lì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, bọ́tìnì ni mò ń rán. Mo rán an tán, mo tú u, mo tún un rán, kí n má baà gbójú sókè. Èmi náà sọ nínú ara mi pé kì í ṣe ọmọ wa.” Wọ́n fa àpò náà yọ, wọ́n sì gbé e sórí itan. “Dìde, ọ̀rẹ́ mi. Ká ní o sọ pé ọmọ rẹ pa ènìyàn ni, ǹ bá sun àpò yìí níná lójú rẹ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe lo pè é.”

Lẹ́yìn tí àlejò lọ, Ìyá Àgbà àti Bàbá Àgbà jókòó jíròrò títí di ọ̀sán. Ìpinnu tí wọ́n ṣe kò tẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́rùn: Bàbá á gbé àpò lọ fún ọlọ́pàá, Ìyá á sì bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí Rájí.

Mo tẹ̀lé Bàbá Àgbà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. N kò tíì rin ọ̀nà tó gùn bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Fèrèsé ń tì bí a ṣe ń kọjá. Àwọn tó máa ń kí Bàbá Tẹ́lọ̀ láti òkèèrè ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Orúnkún Bàbá Àgbà ń lu ara wọn lábẹ́ ṣòkòtò, mò ń gbọ́ ọ. Mo na ọwọ́ kí n fi gbá wọn mú.

Wọ́n ní, “Má dì mí mú. Bí o bá dì mí mú, n ó padà.”

Wọ́n mú Rájí lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbé aṣọ wá rán mọ́ fún ìgbà pípẹ́, òkúta orí páànù sì ń bọ́. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Òṣogbo. Bàbá Àgbà, tí ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, dúró láàárín ọlọ́pàá, wọ́n fi ìka tọ òwú pupa náà han adájọ́. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ní, “Olúwa mi, ẹ tì í mọ́lé, ẹ má so ó. Èmi ni mo bí ẹni tó kú.” Adájọ́ bi Rájí bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní, “N kò mọ̀ pé ọmọ Bàbá Tẹ́lọ̀ ni.”

Bàbá Àgbà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Rájí, ìyẹn kọ́. Kí lo pa?”

Ẹyẹlé tó ń ké lórí òrùlé gbé ẹnu dúró. Adájọ́ ṣí wíìgì funfun orí rẹ̀ kúrò. Rájí gbójú sókè, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ní, “Ènìyàn ni mo pa, Bàbá.” Bàbá Àgbà mi orí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n jókòó. Adájọ́ kò so Rájí rọ̀. Ó sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ. Bàbá Àgbà kú kí Rájí tó jáde.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ nìyẹn láti ọdún yìí wá. Irọ́ mi ìyókù, ẹ ti dá a mọ̀ fúnra yín. Ọ̀kan wà tí ẹ kò lè dá mọ̀. Rájí kò sọ gbólóhùn yẹn. Bàbá Àgbà bi í, ó wo ilẹ̀. Adájọ́ ní kó dáhùn, ó wo ilẹ̀. Wọ́n mú un jáde, Bàbá Àgbà ṣì dúró, wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà, títí ọlọ́pàá fi ní kí wọ́n máa lọ sílé. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu, lẹ́yìn tí wọ́n ti kú, nítorí mi ò lè máa rántí wọn ní ìdúró bẹ́ẹ̀.